Ìlà Ẹyin Funfun ní Odò Bua

Kò lè jẹ́ ẹrẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ti yọ ẹrẹ̀ kúrò nínú ohun tí mo ń fura sí, síbẹ̀ ó ń padà wá sí mi lọ́kàn bí ajá tí a lé kúrò nídìí àwo. Bí ó bá jẹ́ ẹrẹ̀ ni, gbogbo ìsàlẹ̀ odò yìí ni ẹyin ì bá ti kú. Ẹrẹ̀ kì í yan ibi tí yóò bà sí. Ṣùgbọ́n èyí… èyí yàn. Ìlà kan ṣoṣo ni. Ìbú rẹ̀ kò ju mítà méjì lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí òpó àtijọ́ ní bèbè tí abúlé wà, ó sì wá parí sí ìdí àpáta tí mo dúró lé yìí. Nínú ìlà náà, bí mo bá ṣí òkúta, ẹyin ẹja funfun báláú bí ìyẹ̀fun àgbàdo. Bí mo bá kúrò nínú ìlà náà díẹ̀ péré, ẹyin tí ó mọ́ gaara ni mo ń rí, tí ojú ọmọ ti ń dúdú nínú rẹ̀. Odò kan náà. Ọ̀sẹ̀ kan náà. Ìyá kan náà, bóyá. Kí ni ó ń pa ti ibí tí kò kan ti ọ̀hún?

Májèlé. Mo ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé náà wà nínú àpò tí mo gbé kọ́ èjìká, ojú-ewé mẹ́ta, mo ti fọwọ́ sí i. Ní ọ̀sán òní, lábẹ́ igi máńgòrò baálẹ̀, ní òdìkejì odò, èmi ni n ó dìde, tí n ó kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Bí mo bá sì ti kà á tán, wọn yóò gba ẹ̀tọ́ odò lọ́wọ́ Kasinja. Kò ní de ìgèrè mọ́, kò ní ju ìwọ̀ mọ́, kò ní jókòó nínú ìgbìmọ̀ odò mọ́, òun àti ẹnikẹ́ni tí yóò bá jogún rẹ̀. Títí ayé. Èmi ni mo kọ "títí ayé" yẹn. Ó rọrùn láti kọ.

Kasinja. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Amalume.

Ní ìran tiwa, bàbá a máa bí ọmọ, amalume ni ó ń ni ín. Òun ni ó mú mi lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ìwé. Òun ni ó… Rárá. Mi ò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ ronú. Ìfẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹja ni kí n rò.

Ẹja kan ni ó kù. Ọgbọ̀n ni ìlànà iṣẹ́ mi wí pé kí n mú, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti mú. Èyí tí ó kù yìí ni ó mú mi kọjá sí ìhà ibí láti òwúrọ̀, nítorí ìdí àpáta yìí nìkan ni ibú ti wà. Mo ju ìdẹ sí òkè odò díẹ̀, níbi tí omi ti ń yí. Irin pẹlẹbẹ kékeré ni ìdẹ náà, ó ń kọ mànà bí usipa, ẹja wẹ́wẹ́ inú adágún, tí ara rẹ̀ kò yá. Ìwọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà nídìí rẹ̀, mo sì ti rẹ́ ẹ̀gún ẹnu ìwọ̀ náà dànù kí ó lè yọ láìya ẹran lẹ́nu ẹja. Bí mo bá mú un, n ó wọn gígùn rẹ̀, n ó yọ ìpẹ́ kan lára rẹ̀, n ó dá a padà. Ìpẹ́ kan ti tó. Òrùka-òrùka ni ó wà lára ìpẹ́, bí ìdí igi tí a gé, n ó sì ka ọjọ́ orí rẹ̀ níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn lára mpasa, ẹja tí mo ń kà yìí. Ó ń gbé ìwé ìtàn ara rẹ̀ kiri, kò sì mọ̀ ọ́n kà.

Okùn ń wọ́ lọ sísàlẹ̀. Mo ń ká a. Òfo.

"Màdáàmù, ẹja yìí ò lọ síléèwé kankan o, ó sì ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ látàárọ̀." Lipenga ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀ sí mi lánàá, Lipenga tí a jọ ń ka ẹja, tí kì í lè pa ẹnu mọ́ fún ìṣẹ́jú kan. "Ẹ jẹ́ n lọ ra ọ̀kan lọ́jà, ká jọ puró pé a mú un." Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó wo òdìkejì odò, tí ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àmọ́ ẹ óò ka ìwé yẹn lóòótọ́? Níṣojú bàbá yẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò ṣàwàdà mọ́ títí a fi ṣíwọ́ iṣẹ́.

Mo tún ń ju ìdẹ. Ó bọ́ sí ibi tí mo fẹ́. Omi ń gbé e.

Jẹ́ kí n tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní abúlé yìí. Mpasa: ẹja adágún ni. Inú adágún ni ó ti ń lé usipa kiri, ibẹ̀ ni ó ti ń sanra, ṣùgbọ́n kò lè bímọ níbẹ̀. Bí òjò bá ti lọ tán, tí odò ti ń mọ́, ó gbọ́dọ̀ gun odò wá sí ibi tí omi kò jìn, tí ó ń sáré, tí òkúta wẹ́wẹ́ tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Abo á fi ìrù gbá òkúta, á yé ẹyin sí àárín wọn. Akọ méjì tàbí mẹ́ta á máa gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí wọn a lọ. Wọn kì í ṣọ́ ọmọ. Òkúta ni ó ń bá wọn ṣọ́ ọ, omi tí ń sáré ni ó ń bá wọn fẹ́ ẹ. Adágún wa yìí nìkan ni ó sì ní ẹja náà ní gbogbo ayé. Bí ó bá tán níhìn-ín, ó tán nìyẹn. Kò sí ibi tí a óò ti lọ yá irúgbìn.

Ọdún kìíní iṣẹ́ mi, ọgbà Kasinja ṣì dí odò yìí láti bèbè dé bèbè. Òpó mẹ́tàdínlógún, esùsú tí a hun mọ́ra, àlàfo mẹ́fà, ìgèrè kan lẹ́nu àlàfo kọ̀ọ̀kan. Mo ka àádọ́rùn-ún ìyá ẹja tí ó là á kọjá láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ọmọ tí ń sọ̀ kalẹ̀ sínú àwọ̀n wẹ́wẹ́ mi lójúmọ́: igba ó lé mẹ́rìnlá. Ọdún kejì, a ti wó ọgbà. Ìyá, ọgọ́jọ. Inú mi dùn débi pé mo pe ọ̀gá mi lórí fóònù. Ọmọ… àádóje. Ọdún kẹta, èyí tí a wà yìí. Ìyá, àádọ́sàn-án. Ọmọ, méjìdínlọ́gọ́ta.

Ìyá ń pọ̀ sí i, ọmọ ń dín kù. Bí a bá ń da ọkà sínú àpò tí àpò kò kún, a kì í bá ọkà wíjọ́. Ìsàlẹ̀ àpò ni à ń yẹ̀ wò. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ń ṣí òkúta, mo ń tẹ̀lé ìlà, mítà kan, mítà méjì, mo sì rí ìlà funfun yìí. Mo ya àwòrán rẹ̀ sórí pépà. Ó gún bí ẹni pé a fi okùn lé e. Bí mo sì ti wo ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ — òpó ìkẹtàdínlógún, òpó Kasinja tí ó kẹ́yìn, tí a kò rí fà tu — mo fi kálámù yí i ká. Lipenga rí ìdìpọ̀ ewé jíjẹrà kan lẹ́bàá òpó náà lọ́jọ́ kejì. Gbogbo wa ni a mọ irú ewé tí àwọn àgbà máa ń gún sínú omi kí ẹja lè yó léfòó. Ó ti jẹrà kọjá mímọ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé.

Mi ò dán an wò. Mo ní ohun tí mo lè fi dán an wò, mi ò lò ó. Kí ló dé tí mi ò lò ó?

Ìdí ni pé ó bá ibi tí ọkàn mi ń lọ mu. Kí n sọ òótọ́ fún ara mi, kò sí ẹni tí ó ń gbọ́.

Omi ń gbé ìdẹ kọjá ẹnu àpáta. Kò sí nǹkan kan. Mo ń ká a.

Mo tún ní ẹ̀rí mìíràn. Ojú-ewé kejì, ìlà karùn-ún: "Ẹni tí a ń sọ yìí a máa gba owó ìtanràn lọ́wọ́ àwọn ará abúlé kí wọ́n má baà lé ẹja sá kúrò lẹ́nu ìgèrè rẹ̀." Kì í ṣe owó, adìyẹ ni. Láti kékeré mi ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ní bèbè odò ní irú oṣù yìí. "Adìyẹ kan! Ta ló ń kan omi níbẹ̀ yẹn? Adìyẹ kan! Ṣé ẹ̀yin ò rí igi tá a tò sórí ọgbà ni? Orí igi ni kẹ́ ẹ gbà!" Àwọn obìnrin tí ń ti oko àgbàdo bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí á dá a lóhùn. "Bàbá Kasinja, ṣé ìyàwó yín kan ló ń wẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀ tẹ́ ẹ fi ń ṣọ́ ọ báyìí?" "Ìyàwó mi kọ́. Aláboyún ló ń rọbí níbẹ̀. Ẹ yà fún un!" "A gbọ́ o! Ẹ bá wa kí i kú ewu ọmọ!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí wọn á fi gun orí igi, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹrù ń mì lórí wọn. Èmi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọdé ni mí, mo ń jẹ nínú àwọn adìyẹ náà.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni mo dìde lábẹ́ igi máńgòrò kan náà, tí mo kà pé kí a wó ọgbà. Mi ò kúnlẹ̀ kí i. Mo ní iṣẹ́ ìjọba ni mo bá wá, iṣẹ́ ìjọba kì í kúnlẹ̀. Wọ́n ní kí ó fèsì. Ó wò mí. Ó wo odò. "Ó dáa," ló wí. "Ẹ máa wọ́dò nígbà náà." Gbogbo àwùjọ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń fi ìbínú ṣàwàdà. Màmá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró dè mí lójú ọ̀nà. "Ẹja tí ẹ̀gbọ́n mi pa ló rán ẹ lọ síléèwé, Tiyanjane. Ìwọ náà ló wá ń fi ìwé pa òun." Mo ní, "Màmá, ẹja ń tán." Ó ní, "Mo gbọ́. Ṣé òun nìkan ló ń jẹ ẹ́ tán?"

Láti ìgbà náà, a kò rí Kasinja létí odò lójú ọ̀sán mọ́. Bí ó bá fẹ́ kọjá sí oko rẹ̀, ọ̀nà mọ́tò ni ó ń gbà, ó ń lọ gba orí afárá ọ̀hún, ìrìn wákàtí kan àbọ̀ ní àlọ, wákàtí kan àbọ̀ ní àbọ̀, òun tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. "Ojú ń tì í," ni àwọn ènìyàn ń wí. Mo kọ ìyẹn pẹ̀lú. Ojú-ewé kẹta. Pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ kì í sá fún ibi iṣẹ́ rẹ̀.

Tàbí kí n… Ó dá mi lọ́wọ́ dúró.

Kì í ṣe òkúta. Òkúta kì í gbọ̀n. Ó ti gbé e.

Ọ̀pá ìwọ̀ ń tẹ̀, okùn ń han bí ẹ̀fọn. Ó fò sókè lẹ́ẹ̀kan — fàdákà gbọọrọ kan nínú oòrùn — ó tún rì. Má fà á. "Má fà á, Tiya. Jẹ́ kó rò pé odò ló ń fa òun. Ẹja kì í bínú sódò." Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, ọ̀pá ọparun ni mo dì mú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí tèmi. "Ó ti gbà á, Amalume! Ó ti gbà á!" "Kí ló wá dé tó ò ń pariwo? Ṣé o fẹ́ kó gbọ́ ni? Dákẹ́, kó o rí ọbẹ̀ ndiwo fi jẹ òkèlè nsima lónìí." Mo dákẹ́. Mo ń dákẹ́ báyìí náà. Mo ń jẹ́ kí ó lọ nígbà tí ó bá fẹ́ lọ, mo ń ká okùn nígbà tí ó bá sinmi. Ọ̀nà rẹ̀ ni mo ń lò. Gbogbo ohun tí mo kọ́ ní yunifásítì, kò sí ẹni tí ó kọ́ mi ní ìsinmi ẹja níbẹ̀.

Ó ti dé etí àpáta. Mo tẹ ọwọ́ mi bọ omi kí ó tutù kí n tó fọwọ́ kàn án. Abo ni. Sẹ̀ntímítà mẹ́rìnlélógójì. Ikùn rẹ̀ rọ̀, ó ti tú, ó ti yé tán. Apá ìsàlẹ̀ ìrù rẹ̀ ti họ, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà níbẹ̀: èyí tí ó fi gbá òkúta. Ìwọ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́. Mo fa ìpẹ́ kan yọ lẹ́yìn lẹbẹ rẹ̀, mo kọjú rẹ̀ sí òkè odò kí omi lè gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Mo ń dúró. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Èyí ni apá iṣẹ́ mi tí mo fẹ́ràn jù, tí n kì í sì kọ sínú ìwé: ìgbà tí agbára padà sára rẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ mi, tí mo mọ̀ pé ó ku díẹ̀ kí ó kọ̀ mí sílẹ̀.

Ó lọ. Kò tiraka. Adágún ni ó ń padà sí, ó gbé ara rẹ̀ fún omi, omi sì gbé e lọ sísàlẹ̀.

Ọgbọ̀n pé. Ó yẹ kí inú mi dùn.

Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtàrí. Mo ń ká okùn, mo ń tú ọ̀pá ìwọ̀ sí méjì, mo ń ti ìpẹ́ bọ inú àpòòwé kékeré. Wọ́n á ti máa tò sórí ẹní lábẹ́ máńgòrò báyìí. Òun náà á ti dé; kì í pẹ́ dé ibikíbi. Mo ń ka gbólóhùn àkọ́kọ́ lábẹ́ ahọ́n: "Lẹ́yìn ìwádìí tí ó jinlẹ̀…" Ewé kan ń léfòó kọjá. Ó ń yí, ó ń lọ sísàlẹ̀. Okùn mi ń lọ sísàlẹ̀ láti òwúrọ̀. Ẹja lọ sísàlẹ̀. Ohun gbogbo tí ó bá bọ́ sínú odò yìí, ìsàlẹ̀ ni ó ń…

Dúró.

Bí ènìyàn bá da májèlé sí ìdí òpó ìkẹtàdínlógún, ìsàlẹ̀ ni yóò lọ. Yóò tẹ̀lé bèbè ti abúlé, yóò máa fẹ̀ bí ìrù àkùkọ, yóò pa ẹyin títí dé ẹ̀yìn kọ́nà ọ̀hún. Kò lè dé ibí. Kò lè dé ìdí àpáta yìí láéláé. Ìlà mi kò tẹ̀lé odò. Ìlà mi dábùú odò.

Ó dábùú odò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń wo àwòrán náà. Mo fi rúlà fà á.

Má kánjú. Ó lè jẹ́ pé kò dà á sójú kan. Ó lè jẹ́ pé ó ń dà á díẹ̀díẹ̀ láti bèbè dé bèbè. Nígbà náà, omi yóò ṣì wọ́ ọ. Etí ìlà tí ó kọjú sí òkè odò yóò gún, etí tí ó kọjú sí ìsàlẹ̀ yóò fàya bí aṣọ gbígbó. Etí méjèèjì ìlà mi dọ́gba. Ó mọ́ lókè, ó mọ́ nísàlẹ̀. Nítorí náà ohun yòówù tí ó pa wọ́n, kò yọ́ nínú omi. Omi kò rí i gbé. Ó wúwo. Ó ń wá láti bèbè, ó ń lọ sí bèbè, ó ń gba ojú kan náà lójoojúmọ́, ó ń padà. Kí ni ó wúwo, tí omi kò rí gbé, tí ó ń… tí ó ń rìn —

Tí ó ń rìn.

Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ti wà nínú omi.

Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta. Àpò ti wà léjìká mi, bàtà mi ń bẹ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ sì ti bọ́ sí ibi tí ó máa ń bọ́ sí, láìjẹ́ pé mo wò ó. Ó mọ ọ̀nà. Báwo ni kò ṣe ní mọ ọ̀nà? Èmi àti Lipenga, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, oṣù méjì lọ́dọọdún. Àwọn obìnrin olóko. Àwọn àlejò tí ń wá fi ìwọ̀ ṣeré, pẹ̀lú bàtà rọ́bà gígùn wọn, tí wọ́n ń dá gbogbo ẹja padà sínú omi pẹ̀lú ìfẹ́, tí wọ́n sì ń gba orí ọmọ àwọn ẹja náà lọ jẹun ọ̀sán. Níwọ̀n ìgbà tí ọgbà náà wà, ta ni ó ń wọ́dò níhìn-ín? Kò sí. Orí igi ni gbogbo wa ń gbà. Ẹni tí kò bá sì gbà á, adìyẹ kan.

Aláboyún ló ń rọbí níbẹ̀. Ẹ yà fún un.

Kasinja kò fi í pa mọ́. Láti ìgbà tí mo ti dé ayé títí a fi wó ọgbà ni ó ń pariwo rẹ̀ ní bèbè odò, a sì ń fi í rẹ́rìn-ín, èmi tí mo gboyè nínú ọ̀rọ̀ ẹja wá kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwà ọ̀kánjúwà. Nígbà tí mo ní kí a wó o, ó tún un sọ ní gbólóhùn kan, níṣojú gbogbo ènìyàn. Ẹ máa wọ́dò nígbà náà. Lẹ́yìn náà ó mú ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀, ó sì ń gba orí afárá, wákàtí kan àbọ̀, wákàtí kan àbọ̀. Kì í ṣe ìtìjú. Kò fẹ́ tẹ àwọn ẹyin ni.

Kí n má sáré sí apá kejì o. Ọgbà náà ń pa ìyá ẹja. Mo kà wọ́n nínú ìgèrè, mi ò lè kó òótọ́ yẹn jẹ nítorí pé ojú ń tì mí. Ọgbà ń mú ìyá, ṣùgbọ́n ó ń gbé ẹsẹ̀ wa kúrò lórí ọmọ. Mo rí ọwọ́ tí ó ń gbà, mi ò rí ọwọ́ tí ó ń fún ni. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń ka ẹja lórí odò yìí, ní òkè, ní ìsàlẹ̀, lówùúrọ̀, lọ́sàn-án. Mi ò ka ẹsẹ̀ rí.

Ìdìpọ̀ ewé yẹn ńkọ́? Elégédé, bóyá. Ewé elégédé tí ó já bọ́ lórí obìnrin kan tí kò ní igi tí yóò gùn mọ́, tí ó ń wá ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ lé lórí òkúta tí ń yọ̀.

Ìwé tí ó wà nínú àpò yìí kì í ṣe òótọ́ mọ́. Àti pé n kò lè wọ́dò kọjá lọ sọ bẹ́ẹ̀. Máńgòrò wà lọ́hùn-ún, mo rí orí rẹ̀ láti ibí, igba mítà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, òkúta wẹ́wẹ́ sì tẹ́ sáàárín wa láti bèbè dé bèbè. Bí mo bá gba orí afárá, n ó pẹ́ ní wákàtí kan àbọ̀. Wọn yóò ní ìjọba kì í mọ àkókò. Kí wọ́n wí bẹ́ẹ̀. Òun yóò jókòó, yóò máa dúró de ẹni tí ń bọ̀ wá gba odò lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò rí mi tí mo ń ti ọ̀nà mọ́tò bọ̀ nínú eruku, bóyá òun nìkan ni yóò mọ ìdí tí mo fi gba ibẹ̀. Bóyá kò ní mọ̀. Kò tọ́ kí n máa retí pé kí ó mọ̀. Èmi ni n ó sọ ọ́, lórí orúnkún, kí n tó ṣí ìwé kankan.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yìí ṣì wà nínú omi. Mi ò tíì gbé e. Ẹ̀rù ń bà mí láti gbé e, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé níwọ̀n ìgbà tí n kò bá gbé e, kò sí ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo ń gbé e. Díẹ̀díẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣí òkúta tí àtẹ́lẹsẹ̀ mi wà lórí rẹ̀. Ẹyin tuntun ni, ti àárọ̀ yìí tàbí ti àná, wọn kò tíì ráyè funfun. Àwọn kan ti bẹ́, awọ lásán ni ó lẹ̀ mọ́ òkúta. Àwọn yòókù ti tẹ̀ pẹlẹbẹ.

Mo fa ìwé iṣẹ́ mi yọ. Ọjọ́. Wákàtí. Jíjìn omi: ìdajì ojúgun. Mo ń kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan, mo tún ń kà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, gẹ́gẹ́ bí ìlànà. Mọ́kàndínlógún. Ní òpin ìlà náà, àyè kan wà fún ohun tí ó pa wọ́n, níbi tí mo ti ń kọ "ẹrẹ̀", tí mo ti ń kọ "a kò mọ̀", tí mo ti kọ "májèlé" ní ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ń kọ ọ́ kí ó hàn ketekete, kí ẹnikẹ́ni lè kà á:

Ẹsẹ̀ ọ̀tún, ti Tiyanjane.